Bàbá Tó Lóṣòó Ti Ìrorẹ́

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín, èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóṣòó síwájú tábìlì mi ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Òṣogbo, tí wọ́n tẹjú mọ́ àgbọ̀n mi, tí wọ́n ní àwọn ò ní dìde, ká ní ilẹ̀ là ni, mi ò bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ìrorẹ́ ló fà á. Ìrorẹ́ kan ṣoṣo.

Ìwàlẹwà ni wọ́n sọ mí. Fọ́ọ̀mù Tú ni mo wà ní Iléṣà nígbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú mi, ó sì yọ débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àwọn òbí mi ti rí i tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ tó ń bẹ aráyé pé kí wọ́n má wo ojú. Kò sí ohun tí mi ò lò. Mo lo ọṣẹ dúdú, mo lo ọsàn wẹ́wẹ́, mo lo àdí, mo lo ìpara kan tó ń ta bí ata. Ìyá kan ní Ọ̀tan-Ilé ní kí n máa fi itọ́ àárọ̀ ra á kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo fi ra á. Ńṣe ni ìrorẹ́ sanra sí i.

Látìgbà náà ni mo ti kọ̀ láti ya fọ́tò. Ní pálọ̀ Màámi ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà, gbogbo ọmọ wọn ló wà lára ògiri nínú férémù, àwọn kan pẹ̀lú aṣọ ìgboyè, àwọn kan pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó. Ìṣó tèmi náà wà níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Màámi gbé kọ́ sí i. Bí àlejò bá dé tó bá béèrè mi, àbúrò mi ọkùnrin á nawọ́ sí kàlẹ́ńdà, á ní, "Ìwàlẹwà nìyẹn. Ọdọọdún ló ń pààrọ̀ ojú." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Màámi nìkan ni kì í rín. "Bí mo bá kú lónìí," wọ́n á ní, "kàlẹ́ńdà ni wọ́n máa kí kú ọ̀fọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n mo ti búra pé ojú tó mọ́ ni mo máa gbé síwájú kámẹ́rà, bí kò bá mọ́, kí ìṣó máa gbé kàlẹ́ńdà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń sọ yìí, Bàbá Cornelius, ni wọ́n tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Òṣómàáló ni wọ́n nígbà tí agbára wà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ n là á yé yín. Òṣómàáló ni ọkùnrin tó máa ń ru aṣọ wọ ìletò kan bọ́ sí òmíràn, tó ń tà á láwìn, tó sì ń padà lọ gba ohun tí wọ́n jẹ ẹ́. Kì í jà, kì í bú ènìyàn. Á kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, á sì tẹjú mọ́ ọn títí ojú á fi tì í. Bí wọ́n bá gbé àga fún un, á ní ó tì. "Bí mo bá jókòó, mo ti di àlejò," ni Bàbá máa ń sọ. "Bí mo bá dúró, ó ti di ìjà. Ṣùgbọ́n bí mo bá lóṣòó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó lè fi mí ṣe."

Bàbá náà ni wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Kápúsù ni dókítà fún mi, mo sì lò ó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ètè mi gbẹ, imú mi gbẹ, gbogbo ara mi ń bó bí ẹ̀pà yíyan. Ṣùgbọ́n ojú mi mọ́. Ẹ gbọ́ mi o, ojú mi mọ́! Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nínú mọ́tò kó lè dá mi lójú pé tèmi ni.

Lọ́jọ́ tí kápúsù tán, èmi àti Bàbá jọ padà lọ. Dókítà wò mí dáadáa, ó ní, "Kápúsù ti parí, ìtọ́jú ò parí. Ẹ máa fi omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi ìpara fẹ́lẹ́ yìí pa á bí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ má fi òróró kankan kàn án, ẹ sì máa dé fìlà bí oòrùn bá mú. Bí ọ̀kan bá tún yọjú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má họ ọ́, ẹ má bá a jà. Ẹ ṣáà dúró lórí ohun tí ẹ ń ṣe. Á lọ fúnra rẹ̀."

Bàbá gbá itan wọn. "Dókítà, ará ibo ni yín?"

"Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, sà."

"Irọ́ ni. Ìjẹ̀ṣà ni yín. Ẹ lọ bi ìyá yín léèrè dáadáa."

"Bàbá!" Mo fọwọ́ bo ẹnu. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Nígbà tí a jáde, Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Ṣé o gbọ́ ọ? Má fọwọ́ kàn án, má bú u, má sì kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ wa gan-an ni dókítà yẹn ń ṣe." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ojú mi mọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ni mo bá ránṣẹ́ sí Màámi pé kí wọ́n pe Barnabas onífọ́tò fún Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Wọ́n ní inú Màámi dùn débi pé wọ́n sọ kàlẹ́ńdà kalẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ìṣó wà níhòòhò lára ògiri. Nígbà tó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, mo jí nínú yàrá mi ní Òṣogbo, mo wo dígí. Nǹkan kan wà lágbọ̀n mi. Kò ju kóró ata lọ, ó pupa, ó jókòó sílẹ̀ bí onílé. Mo ké débi pé onílé mi béèrè bóyá ejò ni. Mo sá jáde, mo rán dẹ́rẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Iléṣà sí Màámi: kí Barnabas má wá mọ́ o, ọ̀kan ti yọ.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo fi aṣọ ìnujú bo àgbọ̀n, mò ń tẹ̀wé lọ ní ọ́fíìsì. Rùkáyà tí a jọ ń lo tábìlì ní, "Ìwàlẹwà, bàbá kan ń bọ̀ níbí o. Ìdì aṣọ wà lábíyá wọn." Mo gbójú sókè. Bàbá ni. Iṣẹ́ tí mo rán sí Màámi ti dé etí wọn. Wọ́n wọ ṣòkòtò iṣẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n gbé ìdì aṣọ tí wọ́n fi ń ṣòwò láyé ọjọ́un dání. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé aṣọ ìbora àti òòyà ló wà nínú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ṣí i," ni wọ́n wí.

Mo ṣí i. Wọ́n wo àgbọ̀n mi, wọ́n mi orí. Wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, wọ́n gbé ìdì aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì lóṣòó.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe? Ibi iṣẹ́ nìyí o!"

"Ìwọ kọ́ ni mo wá bá," ni wọ́n dáhùn. "Ẹni tó wà lágbọ̀n rẹ ni. Òun náà mọ̀ pé òun ni. Máa tẹ̀wé rẹ lọ."

Ẹ mọ bí ó ṣe rí fún òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn, tí oṣù ń lọ tí owó oṣù ò dé. Kò sẹ́ni tí aṣọ ọrùn rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ tán. Bí àwọn ènìyàn ṣe rí arúgbó Ìjẹ̀ṣà tó lóṣòó, tí ìdì aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní òun fẹ́ lọ mu omi, èkejì ní inú ń run òun. Ká tó ṣẹ́jú, ọ́fíìsì ti ṣófo. Dàírẹ́kítọ̀ wa yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú, "Ẹ sọ fún un pé mo ti lọ sí Èkó! Ẹ ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!"

"Ta nìyẹn?" Bàbá béèrè, wọn ò gbójú kúrò lára mi. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Rùkáyà nìkan ló kù, nítorí òun kì í rajà láwìn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó wo Bàbá, ó wo àgbọ̀n mi. "Subhánallàhi," ó wí. "Ìrorẹ́ ni wọ́n lóṣòó tì?" Ó bá gbé ijó jáde láàárín tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi. Ẹni à ń wò kì í wòran, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó ṣe mí bíi kí n dìde kí n wá ibòmíì wo ìran ara mi.

Ọ̀sán ni mo bẹ̀bẹ̀ gba àyè, mo ní kí n kó ìtìjú mi lọ sílé. Nínú bọ́ọ̀sì Iléṣà, Bàbá kò jókòó. Wọ́n lóṣòó sáàárín ọ̀nà, wọ́n kọjú sí mi, mọ́tò ń gbọ̀n wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Kọ́ńdọ́ ní, "Bàbá, àga wà níbí o." Wọ́n ní àga ò kan àwọn. Obìnrin kan lẹ́yìn mi fọwọ́ tọ́ mi, ó ní kí ni mo jẹ bàbá àgbàlagbà yìí? Ó ní kí n bẹ̀rù Ọlọ́run kí n san án.

Ọjọ́ Ẹtì Rere ló tún wá burú jù. Mo rò pé ilé Ọlọ́run á gbà mí. Bí àlùfáà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìjìyà Olúwa, Bàbá jáde láti ìjókòó wọn, wọ́n wá lóṣòó síwájú mi láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kẹ̀yìn sí pẹpẹ. Àlùfáà gbé Bíbélì kalẹ̀. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Ẹ wo ọkàn tó ronúpìwàdà!" Ìyá méjì bọ́ síta, àwọn náà lóṣòó. Nígbà tí a fi máa kọ orin ìkẹyìn, gbogbo ìlà wa ló ti lóṣòó, tí wọ́n ń sunkún, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ pé àgbọ̀n mi ni wọ́n ń ronúpìwàdà sí. Mo fọ ojú mi nígbà tí mo délé, mo fi ìpara fẹ́lẹ́ pa á, mo sì sunkún sórí ìpara náà.

Ó di Àbámẹ́ta. Mo jáde sí pálọ̀, mo bá arúgbó mẹ́ta. Bàbá ti pe àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣòwò, Pa Nehemiah àti Pa Ọlọ́rundáre, kí wọ́n wá kún àwọn lọ́wọ́. Wọ́n lóṣòó, wọ́n tò síwájú àga tí Màámi fi mí sí. Mò ń fi aṣọ ìnujú tẹ àgbọ̀n mi, mo sì ń gbé e kúrò. Barnabas náà sì ti dé, torí Màámi ò jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán sí i. Ó ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ sókè sódò.

"Ọ̀kan péré ló kù nínú fíìmù yìí o," ó wí. "Mo ti lo ìyókù níbi òkú kan ní Ìwàrà láàárọ̀, àwọn tó ń tà á sì ti tìlẹ̀kùn fún ọdún."

Pa Nehemiah ni wọ́n kọ́kọ́ bá ìrorẹ́ sọ̀rọ̀. "A kí ọ o. Ọmọ ilé ire ni ọ́. A ò bá ọ wá ìjà. Kí o lọ náà ni a wí."

Pa Ọlọ́rundáre sún mọ́ mi. "Ó jọ pé ó ti ń rò ó."

"Ó wú ju ti àárọ̀ lọ," ni Pa Nehemiah wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wú bí wọ́n bá fẹ́ san gbèsè," Bàbá dáhùn. "Ṣé ẹ ti gbàgbé ọkùnrin Ìlá yẹn?"

Gbogbo wọn rántí ọkùnrin Ìlá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ni nǹkan kan bá já nínú mi.

"Ẹ dìde!" Mo fò sókè. "Ẹ dìde, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ojú mi nìyí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni! Ẹ ti bà mí lójú jẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, ẹ bà mí lójú jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ya fọ́tò kankan. Barnabas, máa lọ."

"Kò níbi tó ń lọ!" Màámi ti jáde láti ilé ìdáná, ọwọ́ wọn kún fún ọṣẹ. "Ìrorẹ́ yín ò kàn mí o. Ẹ̀yin náà, ẹ ò kàn mí. Ọmọ mi ni mo fẹ́ rí lára ògiri mi. Bí ojú rẹ̀ fẹ́ kó rí bí ọsàn, bó fẹ́ kó rí bí iṣu, òun ni mo bí!"

"Màámi, mo ní n ò yà á."

Pa Nehemiah àti Pa Ọlọ́rundáre di ara wọn mú, wọ́n dìde, orúnkún wọn ń ró. Barnabas bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Bàbá nìkan ni kò mira.

"Bàbá, mo ní ẹ dìde."

Wọ́n tún tẹjú mọ́ àgbọ̀n mi. Mo rò pé agídí ni. Mo fẹ́ tún pariwo, ni mo bá rí i pé òógùn ń ṣàn lẹ́bàá etí wọn méjèèjì. Wọ́n fi ọwọ́ pè mí kí n sún mọ́ àwọn.

"Mi ò lè dìde," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Orúnkún ti kọ̀."

"Látìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

"Bàbá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Wọ́n wo àgbọ̀n mi. "Kí ó lè gbọ́?"

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mo rín tàbí ẹkún ni mo sun. Mo sọ aṣọ ìnujú nù. Mo lóṣòó síwájú wọn, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá wọn kí n lè gbé wọn, ojú mi wá wà níwájú ojú wọn. Mi ò sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ rí láti kékeré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ní ihò wẹ́wẹ́, ihò wẹ́wẹ́. Mo ti máa ń rò pé ìgbóná ló ṣe wọ́n lọ́mọdé. Àwọn ihò tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi náà nìyẹn, lórí ìlà kan náà, láti etí wá sí àgbọ̀n.

"Bàbá," mo wí, "ẹ̀yin náà?"

"Títí mo fi gbé ìyàwó," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó bá mi lóṣòó tì í."

Mo bú sẹ́kún, mo bú sẹ́rìn-ín, mo rọ̀ mọ́ wọn. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, eyín mélòó kan tó kù yọ síta.

"Barnabas!" Màámi ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Yà á báyìí!"

Iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì.

"Màámi!"

"Ó ti bọ́ sínú àpótí," Màámi wí, wọ́n ń nu ọṣẹ ọwọ́ wọn sára ìró. "Ẹ jẹ́ kí n rí ẹni tó máa yọ ọ́."

Ènìyàn mẹ́rin ló gbé Bàbá lọ sórí ẹní. A gbé wọn bẹ́ẹ̀, ní ìlóṣòó, bí ẹni gbé àpótí. A fi òrí ra orúnkún wọn títí wọ́n fi nà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ń lọ, Bàbá," mo wí. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Mo padà sí Òṣogbo. Mo ń fi omi àti ọṣẹ fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń fi ìpara mi pa á, mo fọwọ́ mi sí ibi tó yẹ kó wà. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ìrorẹ́ ti gbẹ dànù. Dókítà ní òun kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní orúnkún àwọn ló ṣe é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jiyàn. Dàírẹ́kítọ̀ ṣì máa ń wo ẹ̀yìn mi kó tó kí mi.

Barnabas wá bá mi kó tó tẹ fọ́tò náà jáde. Ó ní òun lè fi pẹ́ńsù pa ìrorẹ́ yẹn rẹ́ lórí fíìmù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Ohun tí mo ti ń tọrọ láti Fọ́ọ̀mù Tú nìyẹn. Mo wo fíìmù náà lójú iná, mo rí Bàbá níbẹ̀, mo rí ara mi. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní òun ni Bàbá wá bá.

Fọ́tò náà ló wà lórí ìṣó mi báyìí, kàlẹ́ńdà ti lọ sí ilé ìdáná. Bàbá ò lè lóṣòó mọ́. Inú àga ni wọ́n máa ń wà bí mo bá délé, wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀ sítòsí, wọ́n á yẹ ojú mi wò láti iwájú orí dé àgbọ̀n, wọ́n á ní, "Ó ti gbọ́ ìkìlọ̀."

Màámi ní tiwọn, láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n ń fi aṣọ tútù nu gíláàsì férémù náà. Wọn kì í nu tàwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Ibi àgbọ̀n mi ni ọwọ́ wọn máa ń pẹ́ sí jù, wọ́n á máa nu ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó yá, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màámi, kì í ṣe ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀ yẹn o. Ìrorẹ́ ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ̀?" Wọ́n rẹ aṣọ náà sómi, wọ́n fún omi rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń nu ún lọ.